Oorun Ọ̀sán Ìwúkàrà

Ẹni tó bá ń fi òru ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni yóò fi sùn. Ẹni tó bá sì ń fi ọ̀sán sùn, ariwo ọmọ aráyé ni yóò fi ṣe ìrọ̀rí. Bí ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìwúkàrà ṣe gbé ayé rẹ̀ nìyẹn. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń tẹ́ ibùsùn, òun ń so aṣọ iṣẹ́ mọ́ ìdí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá sì ń já sí títì, òun ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú irun imú. Àwọn aláwàdà a máa kìlọ̀ fún un pé bí òjò bá ti ṣú kó tètè sá wọlé, kó má baà wú sójú títì. Òun náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì máa lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ọwọ́ náà kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ó ti ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ́ débi pé kò nílò kí orí bá a dá sí i mọ́. Yóò po ìyẹ̀fun, yóò gé e, yóò yí i, yóò tẹ́ ẹ sínú páànù. Yóò wá gbé páànù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, yóò fi aṣọ bò ó, yóò gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí ooru wà, yóò sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé pinpin kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni búrẹ́dì ti ń wú kó tó dé iwájú iná. Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì náà máa ń sọ pé bí wọ́n bá di Ìwúkàrà lójú, kò ní ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Ìyìn ni ọ̀gá pè é, kò mọ̀ pé ọ̀ràn ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Aránṣọ lobìnrin náà, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, pálọ̀ ló sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbọ́ tí omi ń dún lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó jáde, ó bá ọkọ rẹ̀ tó yẹ kó ti máa hanrun, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bésìnnì aṣọ tí òun rẹ sílẹ̀, tó ń po aṣọ náà tagbáratagbára. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Obìnrin náà rò pé Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọkọ òun lọ́kàn.

"Ẹ ṣeun o, Bàbá wọn," ló wí. "Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó kọjá lára rẹ̀, ó padà sórí ibùsùn. Nígbà tó jí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí aya rẹ̀ tún ń dúpẹ́, ó ní, "Aṣọ wo? Èmi? Ìyá wọn, ṣé orí rẹ pé báyìí?" Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkókò iṣẹ́.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ kó tó gbẹ. Lọ́jọ́ mìíràn ó tan gáàsì sílẹ̀ láìgbé nǹkan kan lé e, ó padà lọ sùn, kọ́tìnnì ilé ìdáná sì jó dé ìdajì kí aya rẹ̀ tó gbọ́ òórùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló jáde sí títì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ó dúró gbagidi sí àárín ọ̀nà, awakọ̀ kan tẹ bíréèkì débi pé táyà rẹ̀ kígbe. Awakọ̀ náà bú u, ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ọtí tó rò pé ó mu. Ẹni tí wọ́n ń bú ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Aya rẹ̀ ló gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì ní kí wọ́n lọ rí dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà, ó fi gíláàsì sí ìsàlẹ̀ imú, ó sì ní sùúrù. Ó bi Ìwúkàrà bóyá ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹbí rẹ̀. Ìwúkàrà ní rárá. Aya rẹ̀ yíjú wò ó. Ìwúkàrà wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi."

Bàbá rẹ̀ náà rìn lójú oorun. Káfíńtà ni ìyẹn, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bá a tó dúró sí ìta gbangba níhòòhò, lójú àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà. Òkú-ń-rìn ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọdé a máa fi kọrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìwúkàrà, tí òun náà jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, jà lórí orúkọ náà títí eyín iwájú rẹ̀ kan fi dá. Títí bàbá náà fi wọ káà ilẹ̀, Òkú-ń-rìn ni, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọ ọ́ sára pósí. Ọmọ rẹ̀ sì búra lójú sàréè pé kò sẹ́ni tí yóò tún fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni nínú ilé òun láéláé.

Dókítà ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe wèrè. Ó ní ara ló máa ń dìde, ọpọlọ ò ní tíì jí tán, ó sì lè wà nínú ìdílé. Oorun tí kò tó lepo tó ń mú un jó. Nítorí náà, kí Ìwúkàrà máa sùn tó, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Kó jìnnà sí ọtí, kó má sì gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ó yíjú sí ìyàwó. Ó ní kó máa kó ọ̀bẹ pamọ́, kó máa ti gáàsì láti ìdí, kó so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kó lè máa gbọ́ bó bá ṣí.

"Bó bá wá dìde ńkọ́?" ni obìnrin náà bèèrè. "Ṣé kí n gbá a létí kó jí?"

"Ẹ má gbá a, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ rọra dì í mú ní ìgúnpá, kẹ́ ẹ darí rẹ̀ padà sórí ibùsùn. Ẹ sì ní kì í pẹ́ lẹ́yìn tó bá sùn tó fi ń dìde, àbí? Ẹ máa jí i díẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn, kó lajú dáadáa, kó tó tún sùn. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè fi í sílẹ̀." Dókítà wá yọ gíláàsì rẹ̀. "Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé inú ilé yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ẹni tó jí ló wà níwájú òun."

"A ti gbọ́, Dókítà," ni Ìwúkàrà wí. Etí rẹ̀ ló gbọ́, ọkàn rẹ̀ ò gbà á.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí tọkọtaya yìí ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n sì ṣe é tọkàntara. Obìnrin náà rán kọ́tìnnì dúdú tó nípọn sójú fèrèsé. Ó so agogo mọ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń lọ fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ ní èjìká kó tó di àkókò tó máa ń dìde. Ọkùnrin náà fi ọtí sílẹ̀ pátápátá. Oṣù ń gorí oṣù, agogo ò dún ju ìgbà tó bá ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún ọ̀gá búrẹ́dì, wọn ò sọ fún aládùúgbò, kódà wọn ò sọ fún ọmọ tí wọ́n bí.

Àkọ́bí wọn, awakọ̀ tírélà ni. Ọ̀nà jíjìn ló ń lọ, ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó yọjú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ kó má baà dá wà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni ìyàwó náà. Bí àgbà bá rán an níṣẹ́, á lọ. Bí àgbà bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Lọ́jọ́ tó dé ló rí agogo lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá.

"Màmá, agogo kí leléyìí?"

"Ti olè ni," ni ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ọmọbìnrin náà wo agogo. Ó wo ilẹ̀kùn ìta tí kò ní agogo kankan. Olè wo ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí yàrá àgbàlagbà kó tó kéde ara rẹ̀? Ó gbé ìbéèrè náà mì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí Ìwúkàrà tó lọ síbi iṣẹ́, aya rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé ká sọ fún ọmọ yìí?"

"Ká sọ kí ni fún un? Kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀? Kí àwọn àna wa máa sọ pé ilé Òkú-ń-rìn lọ́mọ àwọn fẹ́ sí?"

"Dókítà ní ká sọ fún gbogbo ará ilé."

"Ìyá wọn, ṣé mo ti rìn látìgbà yẹn? Ìwọ náà sì wà ńlé. Ojú rẹ tó mi."

Obìnrin náà gbà. Ká má parọ́, òun náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wo ọkọ òun. Ìfẹ́ ló pè é, ìtìjú ló jẹ́.

Ọmọ dé, obìnrin ni, ìyá bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Arẹwà lójú ẹsẹ̀. Ìwúkàrà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìfẹ́ náà ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kò gbé e. Bí wọ́n bá nà án sí i, á ní ọwọ́ òun dọ̀tí, tàbí ìyẹ̀fun wà lára òun, tàbí ó rẹ òun. Á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa ju ìka sí i, á sì wọ yàrá lọ. Ọwọ́ tó lè fọ aṣọ láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀, kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Òun ló mọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ò mọ̀. Ohun tí ìyẹn rí ni bàbá ọkọ tí kì í gbé ọmọ òun. Ó sunkún fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá ò fẹ́ràn ọmọ yìí. Bóyá ọkùnrin ni wọ́n ń retí."

"Fọkàn balẹ̀, jọ̀ọ́. Bí Bàbá ṣe rí nìyẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. Òun náà ò mọ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni ẹni tó ń bá Ìwúkàrà ṣiṣẹ́ níwájú ààrò ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Ọ̀gá ní kí Ìwúkàrà máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì títí apá náà yóò fi jinná. Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti tó: "Ọ̀gá, dókítà ní mi ò gbọdọ̀." Kò sọ ọ́. Oorun rẹ̀ ń kúrú sí i, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń sọ iyọ̀ sínú ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí aya rẹ̀ rán an létí ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó jágbe mọ́ ọn, ohun tí kì í ṣe.

"Dókítà ò ní ààrò! Ìwọ sáà máa jí mi."

Aya rẹ̀ náà ti ń dẹ ọwọ́. Agogo ilẹ̀kùn máa ń mú kí ọmọ tuntun ta gìrì, á sì figbe ta, nítorí náà ó tú u sílẹ̀ ná, ó ní òun á so ó padà bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀. Ilé-ìwé sì fẹ́ wọlé, aṣọ gbọdọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Ìwúkàrà ò tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó sì ṣubú lé ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà bọ́ bàtà fún un, ó di aṣọ sínú báàgì, ó rò pé òun á lọ, òun á bọ̀, kó tó di àkókò àtijí i. Ó dé ilé-ìwé, ọ̀gá àgbà ní kó dúró kí àwọn ọmọ tó wá forúkọ sílẹ̀ wọ aṣọ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn ìyẹn, títí dòní, Ìwúkàrà ò mọ̀ ọ́n àfi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sùn ni, oorun náà sì dùn.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Bàbá jáde. Ó dúró níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, ó ní kó gbé e wá. Inú ọmọbìnrin náà dùn débi tí omi fi lé sí i lójú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lé bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé àgbà kì í na ọwọ́ sí nǹkan kí ọmọdé fà á sẹ́yìn. Ó sì rí i pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Bàbá gbé e, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Bàbá gbé ọmọ wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá ọmọ ò fẹ́ dá bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ, ó sì ń kọrin.

Orin náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dé.

"Ìyàwó, ọmọ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Bàbá, Màmá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ayọ̀ ló fi sọ ọ́. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì sáré wọlé bí ẹni tí iná ń lé.

Ìwúkàrà kàn rí i pé wọ́n ń mi òun jìgìjìgì. Aya rẹ̀ ń pariwo lé e lórí, gbogbo ohun tí dókítà ní kó má ṣe ló ń ṣe. "Ọmọ dà? Bàbá wọn, níbo lẹ gbé ọmọ sí?"

"Ọmọ wo?"

Obìnrin náà ti dojúbolẹ̀, ó ń wo abẹ́ ibùsùn. Ó ju ìrọ̀rí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ó fa kọ́tìnnì ya, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wo ilẹ̀ ìta. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré, "ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó yé ọkùnrin náà nígbà náà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìwúkàrà dìde jókòó, ẹ̀rù bà á dé egungun. Kò lè bi orí rẹ̀ léèrè, nítorí orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló bi. Bó bá jẹ́ páànù ni mo gbé, ibo ni ǹ bá gbé e sí? Ó yíjú, ó sì wo kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó wà ní igun yàrá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé pinpin.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Arẹwà wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n kó pamọ́, wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì tẹ etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ yíká láìfi àlàfo kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún, kò mira, ètè rẹ̀ sì ti dúdú.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó sì yè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó mí, ó sì sunkún, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ológbò kékeré. Dókítà àwọn ọmọdé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe dé inú kọ́bọ́ọ̀dù. Aya Ìwúkàrà ń fi ìka fa òwú etí aṣọ rẹ̀. Ìwúkàrà ló sọ̀rọ̀.

"Mo máa ń rìn lójú oorun. Bàbá mi náà máa ń rìn. A mọ̀, wọ́n sì ní ká sọ fún ará ilé. A ò sọ."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ mọ̀?"

Ìyẹn ò lè gbójú sókè.

"Agogo yẹn," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àkọ́bí dé láti ìrìn àjò, kò jà, kò pariwo, ìyẹn ló sì dun bàbá rẹ̀ jù. Ó gba yàrá méjì sí òpópónà mìíràn, ó kó aya àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ìwúkàrà ò bẹ̀ ẹ́. Ó lọ bá ọ̀gá búrẹ́dì, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un lójú àwọn òṣìṣẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Bẹ́ ẹ bá rí mi níta tí ìrìn mi ò jọ ti ẹni tó jí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra mú mi padà sílé." Ó ń retí ẹ̀rín. Ó ń retí Òkú-ń-rìn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ẹ̀gbọ́n òun náà rìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi di bàbá ọmọ, ó sì yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó ní kó fi iná sílẹ̀, kó máa wá di búrẹ́dì sínú ọ̀rá lójúmọmọ, kó máa sùn lóru bí gbogbo èèyàn. Obìnrin tó ń gbé òdìkejì ní kó pẹ̀lẹ́. Ohun tó ti ń sá fún láti kékeré, tó fi ọmọ ọmọ rẹ̀ sínú ewu nítorí rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò rìn mọ́. Ó ń sùn tó, agogo ti padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, dókítà sì yìn ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní àsìkò kan náà pẹ̀lú Arẹwà ti ń dá jókòó. Arẹwà ò tíì lè gbé ọrùn dúró. Bí wọ́n bá gbé e, orí rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn dókítà ní kí wọ́n máa wò ó. Níbi ìpàdé àdúgbò kan, bàbá arúgbó kan fẹ́ gba àwọn èèyàn níyànjú, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Kì í ṣe Ìwúkàrà ló ń bá wí rárá. Ìwúkàrà dìde, ó gba ẹ̀yìn àga jáde, kò sì padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá kí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ọmọ padà wọ inú ilé náà nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Ìwúkàrà gbọ́ ohùn ọmọ, ó jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, oòrùn sì tàn yòò wọ pálọ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, pẹ̀lú ọmọ láyà. Kò fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ dù ú. Ìwúkàrà wo ọmọ náà, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín sí i. Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta.

"Jọ̀ọ́, gbé e wá fún mi díẹ̀," ló wí. "Mo ti jí, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà ò dìde, kò sì na ọmọ sí i. Ó fún un mọ́ra.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ohun kan wà tí mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ojú tì mí pé mo bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ojú yín wúwo. Mo bi yín. Mo ní, 'Bàbá, ṣé ẹ ti jí dáadáa?' Ẹ ní, 'Mo ti jí, ọmọ mi. Gbé e wá.'"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìwúkàrà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó nà síta. Ó rọra kó wọn sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀kan di èkejì mú.

"Pọ̀n ọ́n, ọmọ mi," ló wí. "Pọ̀n ọ́n, kó o sì dì í kó le."